Atọ́kùn Ẹ̀rọ àti Kóró Linux: Ìgbésẹ̀ àti Ọ̀rọ̀-Ìperí

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ sí kọ Linux. Linux ni ètò tí ó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo ètò yòókù nínú kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń pín àyè àti àkókò fún wọn. 'Kóró' ni ọ̀rọ̀-ìperí tí ó bá irú ètò bẹ́ẹ̀ mu, nítorí pé inú ni kóró ń gbé, láti inú rẹ̀ sì ni igi ti ń hù.

Kóró yìí kò gbọ́ èdè gbogbo ẹ̀rọ. Ètò mìíràn ní láti dúró láàárín òun àti kámẹ́rà, tàbí láàárín òun àti ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná. Bí a bá pe ètò náà ní 'awakọ̀', àṣìtumọ̀ ni, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí ó ń wà. 'Atọ́kùn' ni ó yẹ ẹ́: atọ́kùn ni ó gbọ́ ohùn eégún, tí ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún èrò ìwòran.

2. Ìdí tí atọ́kùn fi ń wọ inú kóró

Ọ̀nà tí kóró fi ń bá àwọn atọ́kùn sọ̀rọ̀ kò dúró sójú kan. Ẹni tí ó bá yí i padà ni yóò tún gbogbo atọ́kùn tí ó wà nínú kóró ṣe. Ṣùgbọ́n ti ìta, olówó rẹ̀ nìkan ni yóò máa sáré tẹ̀lé kóró tuntun, èyí tí ń jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Ní ọjọ́ tí ó bá rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ di aláìwúlò.

3. Ìgbésẹ̀

(i) Ẹ̀tọ́: Abẹ́ ìyọ̀ǹda GPL, ẹ̀dà kejì, ni kóró wà, atọ́kùn sì gbọ́dọ̀ bá a mu. Láti ọdún 2004 ni òǹkọ̀wé ti ń fi 'Signed-off-by' àti orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí pé òun ní ẹ̀tọ́ láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

(ii) Ìlànà ìkọ̀wé: Àyè lẹ́tà mẹ́jọ ni ìsúnsínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ètò checkpatch.pl a máa tọ́ka àṣìṣe, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń dájọ́.

(iii) Àbùlẹ̀: A kì í gbé gbogbo iṣẹ́ wá ní odidi. Àbùlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ohun kan ṣoṣo, kóró sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹni tí ń wá orísun àléébù lè dúró níbi tí ó bá fẹ́.

(iv) Àlàyé: Àlàyé tí ó bá àbùlẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí a fi ṣe é. Ètò get_maintainer.pl ni ó ń fi àwọn alábòójútó tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò hàn.

(v) Àtúnṣe: Bí wọ́n bá rí àléébù, òǹkọ̀wé yóò gbé ẹ̀dà kejì tàbí ẹ̀kẹta wá, yóò sì kọ ohun tí ó yí padà sílẹ̀.

4. Ìkádìí

Ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí ọ̀rọ̀ méjì. Lára aṣọ, ibi tí ó ya ni àbùlẹ̀ ń dí. Nínú kóró, ó tún lè mú ohun tuntun wọlé. Bákan náà, fífi atọ́kùn sílẹ̀ kì í ṣe ìtẹríba fún ẹnikẹ́ni. Gbígbé iṣẹ́ kalẹ̀ fún àyẹ̀wò ni, kí ọwọ́ púpọ̀ lè bá olówó rẹ̀ gbé e.