Ẹ̀yin ọlọ́ńjẹ Bàrígà àti Ṣómólú, ẹ gbọ́ o: fọ́nrán igi ló fẹ́ẹ́ sọ ike tó ń jẹrà di alágbára

Láti ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, tí Tòkunbọ̀ Wahab, kọmíṣánnà fọ́rọ̀ àyíká nípìnlẹ̀ Èkó, ti kéde pé ìjọba ti fòfin de abọ́ funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí, làwọn ọlọ́ńjẹ ti ń bira wọn pé, kí la fẹ́ẹ́ máa fi di oúnjẹ fún oníbàárà báyìí? Nígbà tó sì di ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù keje, ọdún 2025, ìjọba tún bẹ̀rẹ̀ sí í lé ife onike, sítúrọ́ọ̀ àti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan jù nù.

Ká sòótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàdédé dé. Ohun téèyàn bá jù sínú gọ́tà ní Ṣómólú, bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀sà ló máa gbé e lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja tó wà létí omi ní Bàrígà. Abọ́ funfun yẹn kì í jẹrà, ńṣe ló ń rún wẹ́wẹ́.

Ike tó ń jẹrà wà lóòótọ́. Wọ́n ń fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣe òmíràn, wọ́n sì ń fi ṣúgà inú àgbàdo ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní PLA. Ṣùgbọ́n ibi tí wàhálà wà nìyí: PLA le, àmọ́ bó bá jábọ́ tàbí tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó lè là pàá bíi gíláàsì. Ti sítáàṣì ní tiẹ̀, bí ọbẹ̀ bá ti kàn án, ó rọ̀ nìyẹn. Ta ló fẹ́ kí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dà sí òun láṣọ nínú dánfó?

Ohun táwọn onímọ̀ wá ń ṣe ni pé wọ́n ń po fọ́nrán inú ewéko mọ́ ọn. Ọkùnrin ará Faransé kan, Anselme Payen, ló ṣàwárí ohun náà lọ́dún 1838. Cellulose ni wọ́n ń pè é. Òun ló wà nínú igi, òwú, bébà àti èèpo àgbọn.

Ẹ wo bí bíríkìlà ṣe ń to irin sínú kọnkéré. Bí fọ́nrán ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ike nìyẹn. Bí ibì kan bá fẹ́ẹ́ sán, ojú sísán náà á lọ pàdé fọ́nrán. Àfi kó yà gba ẹ̀gbẹ́ tàbí kó fa fọ́nrán náà yọ kó tó lè kọjá. Agbára tí ì bá fi la ike sí méjì á ti tán lọ́nà.

Àmọ́ kì í ṣe kéèyàn kàn dà á pọ̀ o. Fọ́nrán fẹ́ràn omi, PLA kò fẹ́ràn rẹ̀, wọn kì í fẹ́ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́jú ara fọ́nrán náà. Bó bá sì pọ̀ jù tàbí tó ṣù jọ, ibẹ̀ gan-an ni ike máa ti kán. Sítáàṣì àti fọ́nrán ní tiwọn, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, wọ́n tètè ń dì mọ́ra, fọ́nrán sì máa ń dín bí omi ṣe ń wọ sítáàṣì kù.

Kò sí èyí tá ò ní nínú ohun tí wọ́n ń lò. Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù láyé. Àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ń gé bébà dà nù lójoojúmọ́. Yunifásítì Èkó ò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí Bàrígà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: bébà tí wọ́n ti fi yíǹkì tẹ̀ kò yẹ fún abọ́ oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ṣe ike tí wọ́n ń gbin irúgbìn sí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà fọ̀rọ̀ dídùn tan yín. PLA tí wọ́n ní ó ń jẹrà, àfi níbi tí wọ́n ti ń sọ pàǹtí di ajílẹ̀, tóoru ibẹ̀ tó nǹkan bí ọgọ́ta lórí ìwọ̀n Celsius, ló ti ń tètè jẹrà. Bó bá wọnú ọ̀sà, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi í pé: ṣé nínú gọ́tà ló ti máa jẹrà àbí nílé iṣẹ́ àwọn òyìnbó? Bí kò bá rí èsì fún yín, ewé táwọn ìyá wa fi ń pọ́n ẹ̀kọ ṣì wà lọ́jà. Fọ́nrán kan náà ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí gọ́tà tó máa dí pa.