Ilé Adìyẹ Ní Ẹ̀yìnkùlé: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú Fún Àwọn Ará Ọbanikoro

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá ti ìjọba tàbí ti òkè òkun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sọ ní ọkàn ara rẹ̀ pé, "Èmi pẹ̀lú yóò sin adìyẹ díẹ̀, kí àwọn ọmọ mi lè máa rí ẹyin jẹ, kí n sì rí èyí tí n ó tà." Èrò náà dára, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń ṣàkíyèsí ni pé adìyẹ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ́kọ́ rà. Ìgbà tí ó bá dé ilé tán ni a tó ń wá ibi tí yóò sùn. Àwọn àgbà sì ti wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ni kí a kọ́kọ́ kọ́, kí a tó mú owó lọ sí ọjà adìyẹ.

Ẹni tí ó bá mọ Ọbanikoro, láti etí títì Ìkòròdú wọ inú Ṣómólú títí dé ìhà Bàrígà, mọ̀ bí ilé ti sún mọ́ ilé níbẹ̀. Fèrèsé ẹnì kan kọjú sí ti ẹnì kejì. Ògiri kan ṣoṣo ni ó sì pààlà sí àárín ẹ̀yìnkùlé méjì. Ní oko, bí ilé adìyẹ bá ń rùn, inú igbó ni afẹ́fẹ́ yóò gbé òórùn náà lọ. Ní Ọbanikoro, yàrá aládùúgbò ni yóò gbé e lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ń kọ́ ilé adìyẹ ní àárín wa kò kọ́ ọ fún adìyẹ nìkan. Ó ń kọ́ ọ fún aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá gbàgbé èyí, ọ̀rọ̀ náà yóò dàbí adìyẹ tí ó bà lé okùn: ara kò rọ okùn, ara kò sì rọ adìyẹ. Kí ayálégbé kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé, kí onílé bá àwọn tí ó yí i ká sọ̀rọ̀, kí a sì bi àwọn wolé-wolé ti ìjọba ìbílẹ̀ léèrè ohun tí òfin fẹ́. Ìbéèrè ṣáájú ìkọ́lé sàn ju ẹjọ́ lẹ́yìn ìkọ́lé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí a ti í kọ́ ọ. Ká ní àgbébọ̀ méjìlá ni ènìyàn fẹ́ sìn. Ilé tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, yóò tó wọn. Adìyẹ kọ̀ọ̀kan yóò ní ààyè ẹsẹ̀ bàtà 4 níbùú lóòró. Ẹni tí ó bá kó méjìlélógún sínú ilé kan náà yóò rí i pé wọn yóò máa sọ ara wọn ní ẹnu títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde, ẹyin wọn yóò sì dínkù. Kí òrùlé ga tó bí ẹni tí yóò máa gbá ilé náà yóò ti lè nàró nínú rẹ̀, nítorí ibi tí a kò bá lè dúró sí, a kì í fẹ́ gbá a.

Ilẹ̀ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ ṣe. Òjò Èkó kì í ṣe òjò kékeré, omi a sì máa dúró ní ẹ̀yìnkùlé púpọ̀. Kí a gbé ilẹ̀ ilé náà ga ju ti àgbàlá lọ, kí a fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ, kí ó sì dagun díẹ̀ sí ìhà kan, kí omi tí a fi fọ̀ ọ́ lè ṣàn lọ. Ní ti ògiri, búlọ́ọ̀kù ìlà méjì tàbí mẹ́ta tó. Àwọ̀n wáyà ni kí ó gba ibi tí ó kù títí dé òrùlé. Kí gígùn ilé lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má bàa wọlé tààrà. Kí páànù òrùlé sì yọ jáde ní ẹsẹ̀ bàtà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òjò wa a máa fi ẹ̀gbẹ́ rọ̀.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé, èéṣe tí a kò fi mọ ògiri dé òkè, kí olè má bàa rí inú? Òwe wa sọ pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Òtítọ́ ni òwe náà ní ti ènìyàn tí ó ń pa ìyà mọ́ra. Ṣùgbọ́n ní ti adìyẹ gan-an, kò ní òógùn kankan lára. Bí ooru bá mú un, ẹnu ni ó ń là, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, ooru lè pa á ní ọ̀sán gangan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbẹ́ tí ó tutù a máa yọ òórùn kan tí ó ń ta ojú, tí ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró adìyẹ jẹ́. Afẹ́fẹ́ àti gbígbẹ ni oògùn rẹ̀. Ní ti olè, àgádágodo tí ó dára ni kí a fi sí ilẹ̀kùn.

Nínú ilé náà, kí a da èérún pákó tí ó ń jábọ́ nígbà tí káfíńtà bá ń fá igi sílẹ̀, kí ó nípọn tó íǹṣì 3 tàbí 4. Kí a máa fi ọ̀pá rú u ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a sì kó èyí tí ó bá tutù kúrò ní ọjọ́ náà gan-an. Ìgbẹ́ tí a kó jáde kì í ṣe ohun tí a ń dà sí ojú gọ́tà. Bí a bá kó o jọ tí ó jẹrà, ẹ̀fọ́ yóò yọ̀ sí i. Kí a kan igi kan sí òkè fún wọn láti máa bà lé ní alẹ́. Ìtẹ́ mẹ́ta tó fún méjìlá, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú lóòró, kí ó sì wà ní ibi tí ó ṣókùnkùn díẹ̀. Kí a sì rántí pé adìyẹ kò nílò àkùkọ kí ó tó yé ẹyin jíjẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa òròmọdìyẹ nìkan ni ó nílò rẹ̀. Ẹni tí kò bá ra àkùkọ ti ra oorun fún gbogbo àdúgbò.

Eku ni ọ̀tá tí a kì í kà sí. Ibi tí oúnjẹ adìyẹ bá wà ni yóò wá. Kí ihò àwọ̀n wáyà má ju ìdajì íǹṣì lọ, kí a sì máa fi oúnjẹ pamọ́ sínú agolo tí ó ní ìdérí. Èkó kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ eku ṣeré. Ní 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku àti yọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ń gbé kiri wọ ìlú yìí, ọdún púpọ̀ ni ó sì fi pa ènìyàn; nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú ṣe sílẹ̀ ní 1928, tí a sì ń wó ilé tí ó há. Títí di òní, ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní 1969, ń ti ara eku wá.

Ní ti àrùn adìyẹ fúnra rẹ̀, lúkúlúkú ni baba wọn, èyí tí àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní Newcastle. Ní ìparí 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953 ni àwọn oníwádìí fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó lè pa gbogbo ọ̀wọ́ adìyẹ tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò ní ìwòsàn, ṣùgbọ́n ó ní àjẹsára, ilé ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom lẹ́bàá Jos sì ń ṣe é. Kí a pe oníṣègùn ẹran kí ó fún wọn kí àrùn tó dé.

Àrùn kejì tún burú jù, nítorí kì í mọ sí ara adìyẹ. Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni a rí ọ̀fìnkìn ẹyẹ tí a ń pè ní H5N1 ní oko adìyẹ kan ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Kò pẹ́ tí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ọ̀dọ́mọbìnrin kan kú ní Èkó níhìn-ín, àyẹ̀wò sì fi hàn pé àrùn náà ni ó pa á. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ní Nàìjíríà. Ní 2015, ó tún padà wá bá àwọn adìyẹ. Nítorí náà, bí adìyẹ bá ń kú lójijì, kí a má ṣe dúḿbú èyí tí ó kù fún ọbẹ̀, kí a má sì sáré tà á fún ẹlòmíràn. Kí a ti ilẹ̀kùn, kí a fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí a sì ránṣẹ́ sí oníṣègùn ẹran ìjọba. Kí adìyẹ tuntun tí a rà ní ọjà máa gbé ibi ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó dàpọ̀ mọ́ ti ilé. Kí a má sì jẹ́ kí ọmọdé sọ ilé adìyẹ di ibi ìṣeré.

Ẹ̀yin oníṣòwò yóò béèrè èrè. Adìyẹ òyìnbó tí ń yé ẹyin ń jẹ tó gíráàmù 120 ní ojúmọ́; méjìlá yóò jẹ àpò oúnjẹ kílò 25 tán ní bí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Bí ara wọn bá dá, tí àkókò wọn sì dára, ẹyin mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni wọn yóò máa yé lójúmọ́. Àpò kan yóò fún yín ní kréètì mẹ́rin àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kí olúkúlùkù mú iye àpò àti iye kréètì ní ọjà, kí ó ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì yọ owó oògùn àti owó ilé kúrò. Èrè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èrè àìbìkítà.

Àwọn baba wa sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn ní òru. Ìdí nìyí tí a fi sọ èyí fún yín ní gbangba. Kí ẹni tí ó ti kọ́ ilé tí ó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, máa fi han ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ọ. Bí ẹyin àkọ́kọ́ bá sì dé, kí a bù nínú rẹ̀ fún aládùúgbò tí ó gbọ́ ariwo ìṣó nígbà tí a ń kan pákó.