Tútù la ti ń ká ẹja kò: ohun tí òfin líle lè ṣe fún ẹja inú omi Òkè-Ògùn

Ìlú Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wà ní ẹnu ọ̀nà igbó ńlá tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà ẹranko ní ọdún 1991, èyí tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ igbó náà, ẹfọ̀n, ìgalà àti ọ̀bọ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú kì í tètè rí, òun náà ni ẹja. Odò Ògùn àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn sínú rẹ̀ gba inú igbó yìí kọjá, omi wọn sì ń wọ inú adágún ńlá ti ìdídò Ìkẹ̀rẹ̀ Gorge, lágbègbè Ìsẹ́yìn. Ẹja inú adágún yìí ni àwọn apẹja ń pa, tí àwọn obìnrin ń yan, tí wọ́n sì ń gbé lọ sí ọjà.

Àwọn baba ńlá wa kò fi ọ̀rọ̀ odò yìí ṣeré rárá. Yemọja ni òrìṣà odò Ògùn, yèyé ọmọ ẹja sì ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Odò ni ìyá, ẹja ni ọmọ. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lónìí ni pé, ṣé àwọn ènìyàn ń fún ìyá náà láyè láti bímọ mìíràn kí wọ́n tó kó èyí tó wà nílẹ̀ tán?

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yéni, ó yẹ kí á mọ bí ẹja ṣe ń bí sí i. Ẹja àrọ̀ kì í yé ẹyin rẹ̀ sí àárín ibú. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ tí odò sì kún bo bèbè, ó máa ń jáde lọ sí ibi tí omi kò ti jìn, láàárín koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, níbẹ̀ ni abo rẹ̀ kan ṣoṣo ti ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin. Ní ti ẹpìyà, àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n ń kó ẹyin àti ọmọ sí títí ọmọ náà yóò fi lè dá wẹ̀. Apẹja tó bá dẹ àwọ̀n sí ẹnu ọ̀nà ibi ìyéyin ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tàbí tó pa ẹpìyà tí ọmọ wà lẹ́nu rẹ̀, ó rò pé ẹja kan ni òun mú, bẹ́ẹ̀ ìran odidi kan ló gbé sínú agbọ̀n.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní ewu tirẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú dáadáa, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké a gbẹ, kìkì kòtò omi díẹ̀díẹ̀ ni yóò ṣẹ́kù. Inú kòtò wọ̀nyí ni ẹja tó kù ń forí pamọ́ sí di òjò ọdún tó ń bọ̀. Ẹja àrọ̀ lè fara da omi ẹlẹ́rẹ̀, nítorí pé ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè bí omi kò bá dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹja tó lè fara da májèlé. Gammalin 20, oògùn kòkòrò tí wọ́n ṣe fún oko kòkó, di ohun tí àwọn kan ń dà sínú odò lọ́pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú kòtò ẹ̀ẹ̀rùn, àti ńlá àti kékeré ni yóò léfòó, àwọn tó sì jẹ ẹja náà ti fi májèlé sí ara wọn. Ní ọdún 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi lindane, kẹ́míkà tó wà nínú oògùn náà, sí ara àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́ lábẹ́ àdéhùn Stockholm.

Àwọn kan lè sọ pé adágún Ìkẹ̀rẹ̀ Gorge tóbi ju ohun tí ẹja rẹ̀ lè tán lọ. Lóòótọ́ ni pé ó tóbi, nítorí wọ́n ṣírò rẹ̀ láti gba omi tó tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí adágún Kainji, tó tóbi jù ú lọ fíìfíì, yẹ kó kọ́ gbogbo ènìyàn lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1968 ni wọ́n sé odò Ọya níbẹ̀. Koríko àti igi tí omi bò jẹrà, wọ́n di oúnjẹ fún ẹja, ẹja sì pọ̀ bí eṣú. Ní ọdún 1970, ẹja tí wọ́n pa níbẹ̀ ju 28,000 tọ́ọ̀nù lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1978, iye náà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 4,500 tọ́ọ̀nù. Bí adágún tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn: oúnjẹ àkọ́kọ́ tán, àwọn apẹja sì ti pọ̀ sí i.

Ní Kainji, wọn kò káwọ́ lẹ́yìn. Láti ọdún 1993 sí 2001, ìjọba Nàìjíríà àti ti Jámánì jọ ṣe ètò kan lórí ẹja adágún náà. Lára ohun tí wọ́n gbógun tì ni àwọ̀n gbọọrọ olójú híhá tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wọ́ láti inú omi wá sí èbúté, tó ń kó ọmọ ẹja mọ́ ìyá. Wọ́n fòfin dè é, wọ́n sì ní kí apẹja gba ìwé àṣẹ. Kì í ṣe ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n ti ṣe òfin náà. Wọ́n jókòó pẹ̀lú àwọn olórí apẹja àti àwọn ọba etí omi kí ọ̀rọ̀ náà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kí wá ni òfin líle túmọ̀ sí fún omi Òkè-Ògùn? Ohun mẹ́rin ni. Èkíní, kí ojú àwọ̀n fẹ̀ tó, kí ìwọ̀ sì tóbi tó, tí ọmọ ẹja yóò fi lè yọ lọ. Èkejì, kí wọ́n ya ìbẹ̀rẹ̀ òjò sọ́tọ̀ fún ìyéyin, kí ẹnikẹ́ni má dẹ àwọ̀n sí ẹnu odò tó ń wọ adágún. Ẹ̀kẹta, kí àwọn apá kan nínú omi di ibi ààbò jálẹ̀ ọdún. Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tó bá da májèlé sómi fojú winá òfin láìsí ojúsàájú.

Òfin kò ṣàìsí nílẹ̀. Òfin ẹja omi inú ilẹ̀ ti ọdún 1992 ti ka májèlé, ohun abúgbàù àti iná mànàmáná léèwọ̀ fún ẹja pípa. Nínú ọgbà ẹranko, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ẹja láìgba àṣẹ. Ibi tí wàhálà wà ni pé omi kan náà ní olùtọ́jú mẹ́ta. Àjọ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ẹranko ló ni àṣẹ inú igbó. Àjọ Ogun-Osun River Basin ló ń mójú tó ìdídò. Ìpínlẹ̀ ló sì lágbára láti ṣòfin lórí ẹja pípa nínú odò àti adágún, nítorí pé ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 yọ ẹja omi inú ilẹ̀ kúrò nínú ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ẹja kò mọ ààlà. Èyí tí wọ́n dáàbò bò ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lónìí lè bọ́ sínú àwọ̀n olójú híhá nísàlẹ̀ odò lọ́la. Bí òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá fohùn ṣọ̀kan, ẹni tó ń ṣọ́ òkè odò wulẹ̀ ń sin ẹja fún ẹni tó ń pa á run nísàlẹ̀ ni.

Kì í ṣe àṣà àjèjì ni kí á fi omi sílẹ̀ kó sinmi. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni ẹja pípa. Ní Argungu ní ìpínlẹ̀ Kebbi, wọ́n máa ń ti odò Matan Fada pa mọ́ àwọn apẹja títí di ọjọ́ ọdún ẹja. Ní ilẹ̀ England pàápàá, láti ọdún 1999, ẹni tó bá fi ìwọ̀ mú ẹja salmon kó tó di ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà gbọ́dọ̀ dá a padà sómi láàyè.

Síbẹ̀, ebi kì í gbọ́ òfin. Apẹja tí wọ́n ní kó ká àwọ̀n rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní ọmọ nílé, owó àwọ̀n tuntun olójú fífẹ̀ sì wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí òfin dé bí ìjì. Kí ìjọba ran apẹja lọ́wọ́ láti pààrọ̀ àwọ̀n, kí àsìkò ìsinmi omi bọ́ sí ìgbà tí iṣẹ́ oko pọ̀, kí àwọn apẹja fúnra wọn sì wà lára àwọn tí yóò máa ṣọ́ omi. Àwọn ni wọ́n mọ ẹni tó ń da májèlé, àwọn náà ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ pàdánù.

Tútù la ti ń ká ẹja kò. Bó bá gbẹ tán, kíkán ni yóò kán. Ìgbà tí ẹja ṣì wà nínú odò Ògùn ni òfin lè ràn án lọ́wọ́. Bí yèyé ọmọ ẹja bá di ìyá tí kò lọ́mọ mọ́, kò sí òfin tó lè bá a bímọ.