Ìnilára Nínú Ilé: Bí A Ti Ń Mọ̀ Ọ́n, àti Bí A Ti Ń Ran Ẹni Tí Ó Wà Nínú Rẹ̀ Lọ́wọ́

Gbogbo àgbẹ̀ tí ó ní oko kòkó tàbí oko obì ni ó mọ àfòmọ́. Ẹyẹ ni ó ń gbé èso rẹ̀ wá sí orí ẹ̀ka. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ewé rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tí ń kọjá lọ a sì máa rò pé ewé igi náà ni. Ṣùgbọ́n láti inú igi náà ni ó ti ń fa omi mu, bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún, ẹ̀ka tí ó hù sí a gbẹ. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í dúró di ìgbà tí ẹ̀ka bá gbẹ kí ó tó mú àdá. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé ènìyàn pẹ̀lú, òun ni a sì fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín.

Nígbà tí a bá gbọ́ pé ọkọ kan ń ni aya rẹ̀ lára, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, “Ó ha lù ú bí?” Bí a kò bá rí ojú wíwú tàbí ọgbẹ́, a ó ní ọ̀ràn náà kò tí ì le. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Lọ́pọ̀ ìgbà, a ti gba owó, ìbátan àti ẹnu ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ obìnrin náà kí a tó gbé ọwọ́ sókè sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní ibi tí yóò sá sí ní ọjọ́ tí lílù bá dé. Ẹlòmíràn sì wà tí a kò lù rí, síbẹ̀ tí ó wà nínú ìdè.

ÌYÀTỌ̀ LÁÀÁRÍN ÌJÀ ÀTI ÌNILÁRA

Ahọ́n àti eyín a máa jà. Nínú ìjà lásán, àwọn méjèèjì ni ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì ni ó lè jẹ̀bi, ẹnikẹ́ni nínú wọn sì lè sọ pé òun kò gbà láìfòyà. Nínú ìnilára, ẹnìkan ṣoṣo ni ń bẹ̀rù nígbà gbogbo. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan yìí: “Bí obìnrin yìí bá sọ pé òun kò gbà, kí ni yóò dé bá a?” Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ yóò bínú ni, tí ìbínú náà yóò sì rọlẹ̀, ìjà ni. Bí ó bá jẹ́ pé a ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn síta, tàbí a ó fi owó oúnjẹ dù ú, tàbí a ó gba ọmọ rẹ̀, ìnilára ni.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ A FI Ń MỌ̀ Ọ́N

1. Owó. Ọkọ ń gba èrè ọjà rẹ̀ àti owó àjọ rẹ̀. Tàbí ó ní kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ di ẹni tí ń tọrọ owó iyọ̀.

2. Ìbátan àti ọ̀rẹ́. Ó ń bá gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn aya rẹ̀ jà, títí tí ìyá, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́ kò fi ní wá mọ́. Obìnrin tí a máa ń rí níbi ìgbéyàwó àti ìsìnkú ẹbí kò yọjú mọ́, àwáwí rẹ̀ sì ń yí padà.

3. Ìṣọ́. Ó ń ka wákàtí tí aya rẹ̀ fi lọ sí ọjà. Ó ń yẹ fóònù rẹ̀ wò. Ó ń fi ẹ̀sùn àgbèrè kàn án nítorí pé ó kí ọkùnrin.

4. Ọ̀rọ̀ ẹnu. Lójoojúmọ́ ni ó ń pè é ní aláìmọ̀kan, tí ó sì ń bú u lójú àwọn ọmọ, títí tí obìnrin náà fi gbà pé bí òun ti rí nìyẹn.

5. Ìhalẹ̀. “Bí o bá lọ, o kò ní fi ojú rí àwọn ọmọ rẹ mọ́.” “Èmi yóò pa ọ́, èmi yóò sì pa ara mi.” Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwàdà.

6. Ẹ̀bẹ̀ tí kò ní ìyípadà. Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀, ó ń ra aṣọ tuntun, inú ilé a tutù fún ìgbà díẹ̀, ohun àtijọ́ a sì tún padà bọ̀.

Kì í ṣe aya nìkan ni èyí ń bá. Ó ń bá ọmọ ọ̀dọ̀, ó ń bá ìyá arúgbó tí ó wà lábẹ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ń bá ọkọ pẹ̀lú nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ti obìnrin pọ̀. Ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 49, a ti fi ọwọ́ ipá kan 31 láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15.

ÌDÍ TÍ KÒ FI LỌ

Àwọn ènìyàn a máa wí pé, “Bí ó bá ń dùn ún, ì bá ti lọ.” Ẹni tí ó wí bẹ́ẹ̀ kò ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Kò ní owó ọkọ̀. Ó ń ro àwọn ọmọ. Ó ń bẹ̀rù kí a má pè é ní dálémoṣú. Ó sì mọ ohun kan tí àwa kò mọ̀: àkókò tí ó léwu jù lọ ni ìgbà tí ó bá fẹ́ lọ, àti ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti lọ, nítorí nígbà náà ni anínilára rí i pé agbára ń bọ́ lọ́wọ́ òun. Nítorí náà, kí a má ṣe lé e jáde pẹ̀lú ìkánjú, kí a má sì ṣe lé e padà pẹ̀lú ìkánjú.

BÍ A TI LÈ RÀN ÁN LỌ́WỌ́

Àṣà rere ni ó jẹ́ láàárín wa pé kí àgbà pe ọkọ àti aya jókòó, kí ó sì gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì. Fún ìjà, ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n fún ìnilára, ewu ni. Obìnrin náà kò lè sọ òtítọ́ lójú ẹni tí ó ń bẹ̀rù. Bí ó bá sì sọ ọ́, ní òru ọjọ́ náà ni yóò san owó rẹ̀. Ẹ gbọ́ tirẹ̀ ní òun nìkan, ní ibi tí ọkọ kò sí.

Nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe bi í pé, “Kí ni o ṣe fún un?” Ẹ sọ fún un pé, “Ọmọ mi, mo gbà ọ́ gbọ́. Ẹ̀bi rẹ kọ́.” Bí ó bá jù yín lọ, ẹ wí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbà yín gbọ́. Ẹ̀bi yín kọ́.” Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé láti ọdún pípẹ́ kò tí ì gbọ́ irú rẹ̀.

Ẹ pa àṣírí rẹ̀ mọ́. Kí alàgbà má ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọkọ lọ láìgba ìyọ̀ǹda obìnrin náà. Kí a má sì ṣe dá orúkọ rẹ̀ nínú ìpàdé àdúrà. Ẹ bá a pa owó díẹ̀ mọ́, àti aṣọ àwọn ọmọ, àti ẹ̀dà ìwé ìbí àti ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ jọ fi ohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó lè sọ lórí fóònù láti fi hàn pé ewu dé. Bí ó bá lọ tí ó sì tún padà sílé ọkọ, ẹ má ṣe kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá já a jù sílẹ̀, iṣẹ́ tí anínilára bẹ̀rẹ̀ ni a bá a parí.

Bí ọkọ bá ti fún un lọ́rùn, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, bí kò tilẹ̀ sí àpá kankan. Ìpalára inú ọ̀fun àti ti ọpọlọ lè fara hàn lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, obìnrin tí a ti fún lọ́rùn rí sì súnmọ́ ewu ikú ju àwọn mìíràn lọ. Bí a bá fi ipá bá a lòpọ̀, kí ó dé ilé ìwòsàn kíákíá, kí wákàtí 72 tó kọjá, kí ó lè gba oògùn tí ń dènà àrùn éèdì.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí ìwà ipá nínú ilé ní ọdún 2007, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin ní 2015. Òfin ọdún 2015 yìí kò dúró lórí lílù nìkan. Ó ka fífi owó ni ènìyàn lára, yíyà á kúrò lọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀, lílé e kúrò nílé àti fífi ọ̀rọ̀ ẹnu pọ́n ọn lójú sí ẹ̀ṣẹ̀. Ilé ẹjọ́ lè pa àṣẹ kí anínilára má ṣe súnmọ́ ẹni náà mọ́. Ní ọdún 2015 kan náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, sọ irú ìjẹgàba bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí a lè tìtorí rẹ̀ lọ sí ẹ̀wọ̀n títí dé ọdún márùn-ún. Bí ewu bá ń bẹ lójú ẹsẹ̀ ní Nàìjíríà, 112 ni kí ẹ pè.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ronú kan obìnrin kan tí ẹ ti ń rí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ kò rí mọ́. Ẹ wá ọ̀nà tí kò ní mú ìfura wá, bóyá níbi ìsọ̀ rẹ̀ tàbí lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀, kí ẹ sì kí i. Ẹ béèrè àlàáfíà rẹ̀, kí ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn.