Kí Iná Tó Rí Ọ̀nà Padà Sílé: Bí A Ṣe Ń Wá Àléébù Iná Nínú Ọkọ̀ Akẹ́rù Àtijọ́

Àwa tí a jókòó ní yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ yìí nígbà èwe wa kò lè gbàgbé gílóòbù kékeré kan, bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan àti wáyà méjì. Olùkọ́ wa so wáyà kìn-ín-ní láti orí bátìrì mọ́ gílóòbù, kò tàn. Ó so èkejì láti ara gílóòbù padà sí ìdí bátìrì, ó tàn. Ó wá sọ fún wa pé iná tí kò bá rí ọ̀nà padà sí ibi tí ó ti wá kò ní ṣiṣẹ́ kankan. A kọ ọ́ sínú ìwé, a fi yege ìdánwò, a sì gbàgbé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọkọ̀ akẹ́rù ìjọ wa ni ó rán wa létí, ìránnilétí náà sì mú ìtìjú lọ́wọ́.

Ọkọ̀ náà jẹ́ Mercedes-Benz 911, irú èyí tí ojú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ìtóìkín àti Ẹ̀pẹ́ mọ̀ dáadáa, tí ó ń ru yanrìn, pákó àti ẹrù ọjà. Ilẹ̀ Jámánì ni irú rẹ̀ ti wá. Nọ́mbà rẹ̀ ní ìtumọ̀: 9 ni iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àti ẹrù rẹ̀ lè wọ̀n pọ̀, 11 sì dúró fún agbára ẹṣin 110. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá ní àléébù, inú wáyà, ìsopọ̀, fíúsì tàbí ohun èlò tí ọwọ́ lè kàn ni àléébù náà wà. Ẹni tí ó bá ní sùúrù yóò rí i.

Sùúrù náà ni a kò ní. Ní òwúrọ̀, bí awakọ̀ wa bá yí kọ́kọ́rọ́, kíkísítátà yóò kàn dún "kọ́", ẹ́ńjìnnì kò ní yí. A ra bátìrì tuntun; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀. A tún ra òmíràn. Nígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nínú ìgbìmọ̀ pé awakọ̀ ń ta bátìrì tuntun, ó sì ń fi àlòkù rọ́pò rẹ̀. Àwa tí a jẹ́ alága kò wádìí. A ní kí ó lọ jókòó sílé.

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà kọ̀ ní Ẹ̀pẹ́, lọ́wọ́ awakọ̀ mìíràn. Àgbà rìwáyà kan tí a pè kò sọ pé kí a ra ohunkóhun. Ó fi mítà wọn bátìrì: fóòtì 12.6, ó kún. Ó fi ẹnu mítà kan sí orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì, ó fi èkejì sí ara ẹ́ńjìnnì, ó sì ní kí awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Bí ọ̀nà bá mọ́, kò yẹ kí mítà ka ju ìdajì fóòtì lọ. Ó ka ju mẹ́ta lọ. Àgbà náà wọ abẹ́ ọkọ̀. Orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó lé, nítorí náà wáyà ẹ́ẹ̀tì tí ó so ó mọ́ ṣáàsí ni ọ̀nà tí iná ń gbà padà. Ìpata ti jẹ ìdí bóòtù rẹ̀.

"Bàbá," ni ó wí, "iná ń fẹ́ jáde, kò rí ọ̀nà padà sílé ni." Ó yọ bóòtù, ó ha ìpata kúrò títí irin fi ń dán, ó dè é le. Ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bátìrì tuntun ní agbára tí ó fi ń borí ìdènà náà fún ìgbà díẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi rò pé bátìrì ni ó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a to ohun tí a kọ́ lẹ́sẹẹsẹ fún ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkíní, bátìrì. Ẹ nu orí rẹ̀ mọ́, kí ẹ dè é le. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi, bátìrì fóòtì 12 tí ó kún yóò ka nǹkan bí 12.6, bí ó bá ka 12 tàbí kí ó dín, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó gòkè sí nǹkan bí 14. Bí kò bá gòkè, ẹ wo bẹ́líìtì àti alternator, ẹ̀rọ tí ń dá iná padà sínú bátìrì. Ọkọ̀ tí ó ń lo bátìrì méjì fún fóòtì 24 yóò ka ìlọ́po méjì.

Èkejì, ọ̀nà ìpadà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì tí iná mìíràn lẹ́yìn sì ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ́ẹ̀tì iná ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀rinrin ọ̀sà àti yanrìn tútù kì í dá irin sí.

Ẹ̀kẹta, fíúsì. Fíúsì tí ó jó ń kìlọ̀ pé iná ń gba ibi tí kò yẹ. Ẹ má ṣe fi wáyà tàbí fíúsì tí ó nípọn jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Wáyà inú ọkọ̀ ni yóò jó nípò rẹ̀, ọkọ̀ sì lè gbiná. Ẹ yọ àwọn ohun tí fíúsì náà ń bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ẹ ó fi mọ èyí tí ó ń fà á.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ọkọ̀ yanrìn tí kò ní iná ẹ̀yìn, tí ó dúró lójú ọ̀nà Ìtóìkín ní òru, ìdẹkùn ni fún ọlọ́kadà àti fún bọ́ọ̀sì tí ó ń gbé ọmọ wa bọ̀ wálé.

Ní ti awakọ̀ wa, a tọ̀ ọ́ lọ sí ilé rẹ̀ ní Ìkòròdú. A tọrọ àforíjì níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí ojú wọn ni a ti dójú tì í. A sì tún sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹ̀sùn náà. Ó dárí jì wá, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n oṣù méjì tí ó fi jókòó sílé láìgba owó, ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú mítà ni ì bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí ti kọ́ wa ní ohun tí a nílò láti wádìí. Àwa ni a kò lò ó. Kí a tó ra bátìrì, kí a sì tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tọ ipa ọ̀nà iná náà lọ àti bọ̀.