Àgádágodo Tí Olè Ti Mọ̀

Bí kọ́kọ́rọ́ ilé bá bọ́ sọ́wọ́ olè, tí onílé sì ra àgádágodo titun, ta ni yóò tún gbé ti àtijọ́ kọ́ ilẹ̀kùn lẹ́yìn oṣù méjì? Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń ṣe sí ọ̀rọ̀ aṣínà kọ̀ǹpútà gan-an nìyẹn, títí kan kọ̀ǹpútà tí èsì ìdánwò àwọn ọmọ wa wà nínú rẹ̀. A ní kí wọ́n pa á dà, wọ́n pa á dà; nígbà tí ó ṣe díẹ̀, wọ́n tún dá ti àtijọ́ padà.

Ní ọdún 2012, ilé-iṣẹ́ Dropbox jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ aṣínà tí a jí ni ẹnì kan fi wọ inú àpamọ́ òṣìṣẹ́ wọn kan, níbi tí ìwé àdírẹ́sì ímeèlì àwọn oníbàárà wà. Ọ̀rọ̀ tí olè bá ti mọ̀ kì í ṣá lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe ní kí àwọn alábòójútó má fi ọ̀ràn yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rí-ọkàn nìkan. Nínú ẹ̀rọ tí ń lo Linux, PAM ni asọ́bodè. Bí a bá fi ẹ̀ka rẹ̀ tí ń jẹ́ pam_pwhistory sí i, tí a kọ remember=10, ẹ̀rọ kò ní gba ìkankan mọ́ nínú ọ̀rọ̀ 10 tí ènìyàn ti lò kọjá. Kò kọ wọ́n sílẹ̀ ní gbangba o. Ó ti lọ̀ wọ́n kúnná bí ata kí ó tó fi wọ́n pamọ́ sínú fáìlì opasswd. Òfin yìí kò de root, ọ̀gá pátápátá, àfi bí a bá kọ enforce_for_root kún un. (A kò rí ìdí tí ọ̀gá yóò fi yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.) Ti Windows lè rántí tó 24.

Ṣùgbọ́n ọmọ aráyé gbọ́n. Ẹlòmíràn yóò jókòó, yóò máa pa á dà léraléra láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, títí ẹ̀rọ yóò fi gbàgbé ti àtijọ́. Àṣẹ chage -m 1 ni ó ń dí ihò yìí, nítorí pé ó di ọjọ́ kejì kí ènìyàn tó lè tún un pa dà. Ẹni tí ó ṣe ti ìṣáájú láìṣe èyí ti ilẹ̀kùn iwájú, ó gbàgbé ti ẹ̀yìnkùlé.

A ní láti bá àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì wí pẹ̀lú. Àjọ NIST ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ ní ọdún 2017 pé kí a yé fi ipá mú ènìyàn pa ọ̀rọ̀ aṣínà dà lóòrèkóòrè, àfi bí àmì bá wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. A gbà pẹ̀lú wọn. Ẹni tí a ń dà láàmú lóṣooṣù yóò kọ Ìbàdàn1, yóò sì kọ Ìbàdàn2 lóṣù tí ó tẹ̀lé e. Pam_pwhistory kò sì lè mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Èyí tí kò lè rí rárá ni ti olùkọ́ tí ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣí èsì ìdánwò ilé-ìwé àti Facebook rẹ̀. Ẹ̀rọ ilé-ìwé kò mọ ohun tí olùkọ́ tẹ̀ nílé.