Owó Orí Ara Owó-Oṣù: Ẹ Má Bá Akọ̀wé Owó Jà, Ẹ Wá Rìsíìtì Owó Ilé Yín

Ẹ̀yin ará wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí ẹ ń jẹ owó-oṣù ní ìlú Jọ́ọ̀sì àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Ó kan àwọn ìyàwó ilé pẹ̀lú, nítorí pé bí owó bá yẹ̀ ní ọ́fíìsì, inú ìkòkò ọbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ń mọ̀. Ẹni tí ó ti mọ iye tí ń wọ ọwọ́ rẹ̀ ní ìparí oṣù, tí ó wá rí i lójijì pé iye náà ti yí padà, bí kò bá ṣọ́ra, yóò lọ bá akọ̀wé owó jà ní ibi iṣẹ́. Bí kò bá sì jà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ lè bá a jà ní ilé pé ó ti ní ibòmíràn tí ó ń gbé owó lọ. Ìjà méjèèjì ni a lè yẹra fún bí a bá mọ bí wọ́n ti ń ṣírò owó orí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a gba ìwé owó-oṣù wa, kí a sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í wo nǹkan kan lórí ìwé náà ju iye tí ó kẹ́yìn lọ. Kì í ṣe gbogbo owó tí wọ́n yọ ni owó orí. Owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀, èyí tí òfin ọdún 2014 pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ fi ₦8 sílẹ̀ nínú ₦100, kí ọ̀gá rẹ̀ sì fi ₦10 tirẹ̀ kún un, ó kéré tán. Owó ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lè wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá ń pariwo owó orí káàkiri, nígbà tí ó jẹ́ pé owó tí ó yá ra ọ̀kadà ni wọ́n ń yọ lára rẹ̀, ara rẹ̀ ni ó ń dójú tì.

Bí a bá ti wo ìwé náà tán, tí a sì rí i pé owó orí gan-an ni ó yí padà, a jẹ́ pé ó ní ìdí. Èyí tí ó tóbi jù ni òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026. Láti ọjọ́ náà ni ìṣirò ti yí padà fún gbogbo òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ kí a fi í wé gàrí tí a ń wọ̀n sínú igbá. Owó tí ẹnì kan gbà láàárín ọdún kan, lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn ohun tí òfin gbà kí a yọ, ni gàrí náà. Igbá kìíní gba ₦800,000, ìjọba kò sì ní bu nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí igbá yìí bá kún, èyí tí ó ṣẹ́ kù yóò bọ́ sínú igbá kejì, tí ó gba ₦2,200,000, ìjọba yóò sì mú ₦15 nínú ₦100 kọ̀ọ̀kan tí ó bá wà níbẹ̀. Igbá kẹta gba ₦9,000,000, ₦18 nínú ₦100 ni tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè lọ, ₦21, lẹ́yìn náà ₦23, títí dé ₦25 fún owó tí ó bá ti ju ₦50,000,000 lọ lọ́dún. Àwọn ọ̀gá àgbà tí owó wọn pọ̀ gan-an, owó orí tiwọn lọ sókè nínú ìyípadà yìí. A kò ní sunkún fún wọn nínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹni tí owó-oṣù rẹ̀ kò sì ju èyí tí òfin pè ní owó-oṣù tó kéré jù lọ, tí wọ́n fi sí ₦70,000 ní ọdún 2024, kò ní san rárá.

Nísinsìnyí, ẹ fetí sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a kò gbé ní ilé bàbá wa. Lábẹ́ òfin tí ó wà títí di ìparí ọdún 2025, kí wọ́n tó ṣírò owó orí ẹnikẹ́ni, wọn a kọ́kọ́ yọ ₦200,000 sẹ́yìn fún un, wọn a sì tún yọ ₦20 nínú ₦100 owó rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bèèrè ìwé kankan lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ fún èyí. Bó o sùn, bó o jí, tìrẹ ni. Òfin tuntun ti pa èyí rẹ́. Ohun tí ó fi dípò rẹ̀ fún ayálégbé ni pé kí a yọ ₦20 nínú ₦100 owó ilé tí ó san lọ́dún, ṣùgbọ́n ohun tí a ó yọ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Òfin sì sọ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ sọ iye owó ilé tí ó san gan-an, kí ó sì mú ohun yòówù tí ilé-iṣẹ́ owó orí bá bèèrè wá. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a sọ ọ́.

Kí ẹ lè rí ìwúwo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mú ẹnì kan tí ń gba ₦300,000 lóṣù, tí wọ́n ń yọ ₦24,000 fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, tí kò sì sí ohun mìíràn tí wọ́n ń yọ. Nípa òfin àtijọ́, owó orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦33,535 lóṣù. Nípa òfin tuntun, bí kò bá mú ìwé kankan wá, yóò san ₦32,180. Ìrànwọ́ tí òfin fúnra rẹ̀ ṣe fún un kò tó ₦1,400. Ṣùgbọ́n bí ẹni yìí bá ń san ₦600,000 owó ilé lọ́dún, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ́fíìsì rẹ̀, wọn yóò yọ ₦120,000 sẹ́yìn, owó orí rẹ̀ yóò sì wálẹ̀ sí ₦30,380. Ìwé pélébé kan ni ó fún un ní ₦1,800 lóṣù, tí í ṣe ₦21,600 lọ́dún. Ìwé náà ṣe é lóore ju òfin lọ. Ẹni tí ń gba ₦100,000 náà kò ní ṣàì rí tirẹ̀. Owó orí rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ láti ₦5,540 sí ₦3,800. Bí ó bá sì fi hàn pé òun san ₦240,000 owó ilé, yóò di ₦3,200.

Ibí ni wàhálà wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbé ilé kan náà láti ọdún pípẹ́, a sì ń ka owó sí ọwọ́ onílé láìgba ìwé kankan, nítorí pé a ti di ara kan náà. Bí a bá wá bèèrè rìsíìtì, onílé lè rò pé a fẹ́ fa àwọn agbowó orí wá bá òun. Kí a fi sùúrù bá a sọ ọ́. Kí a máa san owó náà láti inú báńkì wa sí tirẹ̀, kí a sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó ilé ni, ti ọdún báyìí. Kí a bẹ̀ ẹ́ fún ìwé àdéhùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ojú ìwé kan ṣoṣo. Ní tèmi o, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ní ilé tí wọ́n fi ń háyà ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe èyí fún àwọn ará ilé tí ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Kò dára kí ọmọ Yorùbá fi rìsíìtì du ọmọ Yorùbá ní ìdálẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bu owó kún owó ilé rẹ̀ o, ìjìyà wà fún irọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń gbé ilé ara rẹ̀ tàbí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní owó ilé láti sọ. Bí ẹnì kan bá yá owó kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, èlé orí owó náà wà nínú ohun tí wọn yóò yọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilé tí a ń kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà, tí a kì í dé inú rẹ̀ ju ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì lọ, kò sí nínú èyí. Owó ìdánilójú ẹ̀mí tí a ń san lórí ara wa tàbí lórí ọkọ tàbí aya wa wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó ń san án kí ó mú ìwé rẹ̀ dání.

Ìdí mìíràn tí owó orí fi ń fò sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni owó àfikún. Ká ní ẹni tí ń gba ₦100,000 yẹn gba ₦90,000 owó ìsinmi ní oṣù kan. Ó mọ̀ pé ₦3,800 ni wọ́n ń yọ lórí ₦100,000, nítorí náà ó retí pé ti ₦90,000 kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ó wá rí ₦13,500. Ẹ̀rù bà á, ó ní wọ́n ti jà mí lólè. Wọn kò jà á lólè. Owó-oṣù rẹ̀ ti kún igbá kìíní ná, igbá tí ìjọba kì í fọwọ́ kàn. Inú igbá kejì ni gbogbo owó ìsinmi náà bọ́ sí, láti orí náírà kìíní dé èyí tó kẹ́yìn, ₦15 nínú ₦100 sì ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń rí bí wọ́n bá san owó oṣù mélòó kan tí wọ́n jẹ wá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ó yẹ kí owó orí padà sí ipò rẹ̀. Bí kò bá padà, ìgbà yẹn ni kí a lọ bèèrè, nítorí akọ̀wé lè ti fi wá sílẹ̀ lórí iye tí kì í ṣe tiwa mọ́.

Àwọn bàbá wa kò fi ọ̀rọ̀ owó orí ṣeré. Ogun Àdùbí ti ọdún 1918 ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ti ọdún 1968 sí 1969 kò ṣẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn, wọ́n wá bá wọn ní ilé gba owó lọ́wọ́ wọn ni. Tiwa, wọn a ti mú un kí a tó rí i, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa wo ìwé wa.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé owó orí ara owó-oṣù wa kì í lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Kwara tàbí Ọ̀ṣun. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó ń san án fún, tí í ṣe Ìpínlẹ̀ Plateau fún àwa tí a wà níhìn-ín. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà àti ilé-ìwé ìlú yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè wá ní àlejò tí kò dá nǹkan kan.

Bí ó bá dá yín lójú pé wọ́n yọ jù, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá yín, ẹ so ìwé owó-oṣù àti ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan fún ara yín. Ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ni àwọn ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti kó ìwé owó orí àwọn òṣìṣẹ́ wọn ti ọdún tí ó kọjá lọ fún ìjọba. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tàbí iṣẹ́ kejì mọ́ owó-oṣù. Nọ́ńbà NIN yín ni wọ́n ń lò fún owó orí báyìí, nítorí náà ẹ wò ó bóyá orúkọ tí ó wà níbẹ̀ bá ti ọ́fíìsì mu, nítorí a mọ bí àwọn kan ti ń kọ orúkọ wa bí ó ti wù wọ́n. Ẹni tí ìwé owó-oṣù rẹ̀ bá rú lójú, kí ó mú un wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ pẹ̀lú rìsíìtì owó ilé rẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti àwọn akọ̀wé owó kò wọ́n láàárín wa, a ó sì jókòó tì í lẹ́yìn ìpàdé.